Ìkookò àti Ààbò Ìlú

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìkookò ọlọ́pàá, ó já lé Ehoro, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn tó háyà yàrá ní Àgbowó.

Ìjàpá ló dá a sílẹ̀. Ó tọ Kìnìún lọ, ó ní: "Kábíyèsí, inú fóònù ni àwọn ọ̀tá yín sá sí." Jìnnìjìnnì bo ọba. Ó pàṣẹ kí Ìkookò máa tú fóònù gbogbo ẹranko wò, nítorí ààbò ìlú. (Dìkírì Kejì ọdún 1984, tí àwọn sójà fi ń ti èèyàn mọ́lé láìfojú ba kóòtù, ààbò ìlú náà ni wọ́n fi bò ó.)

Bí Ehoro ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú Micra, Ìkookò nawọ́: "Fóònù dà?"

Òfin ni Ehoro ń kọ́. Ó ní: "Ọ̀gá, ẹ má bínú, abala 37 ìwé òfin ọdún 1999 ní ọ̀rọ̀ orí fóònù mi, àṣírí mi ni."

"Ka abala 45 náà," ni Ìkookò wí. Lóòótọ́, abala 45 gbà kí òfin dín ẹ̀tọ́ yẹn kù nítorí ààbò. Ó ní òfin náà gbọ́dọ̀ bọ́gbọ́n mu ní ìlú oníjọba tiwa-n-tiwa, ṣùgbọ́n Ìkookò kò kà débẹ̀.

Ehoro bú sórin:

Ọ̀gá Ìkookò, kí lẹ̀ ń wá?
Ààbò ìlú!
Ẹ ka lẹ́tà olólùfẹ́ mi.
Ààbò ìlú!
Ẹ wo owó tó kù ní báńkì.
Ààbò ìlú!
Ẹ ní n lọ yọ ọ́ wá ní POS.
Ààbò ìlú!

Lọ́jọ́ kẹta, ìró kan dún ní Bódìjà. Ẹni tó wà n'Ìbàdàn lálẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024 mọ irú ìró tí mò ń wí. Òkété ló kó ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta pamọ́ sílé.

Ìkookò sáré dé ààfin: "Kábíyèsí, agbára tí ẹ fún wa kéré. Ẹ jẹ́ ká máa wọ yàrá wọn náà."

Ehoro na fóònù sí ọba. Àtẹ̀jíṣẹ́ Àǹtí Òkéré wà níbẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ kí Ìkookò tó tú u: "Òkété ń kó ẹ̀tù wọlé lóru. Ẹ̀rù ń bà mí."

Kìnìún wo Ìkookò. "O rí èyí?"

"Mo rí i, Kábíyèsí. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni mo kà á sí. Ọlọ́pàá kì í yọjú sí ọ̀rọ̀ ẹbí."