Ta Ló Kọ Ìwé Náà?

Kò sí ìdí àdògán tí wọ́n ti ń yan edé ní Molútẹ̀hìn lọ́sẹ̀ yìí tí wọn kò ti pòṣé. Olùkọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ẹ̀kọ́ aládàáni l'Ígbókọ̀dá wá bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìsinmi parí, ó wọkọ̀ padà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn ti dé pé ó ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹnu kò sin lára rẹ̀ mọ́. Ọ̀lẹ ni. Alákọrí ni. Màmá kan ní nígbà tiwọn, bí ìwọ́ ọmọ bá ti já, ọmọ á dẹ́yìn, àjẹ̀ á dọ́wọ́, ó di ọjà. Mo ní, "Màmá, ta wá ni ọ̀gá yín nígbà náà?" Wọ́n kọjú sí edé wọn.

Àfi bí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ṣe tún já òmíràn lulẹ̀. Kì í ṣe òun ló kọ ìwé! Ilé ẹ̀kọ́ ti tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dè é, ẹlòmíràn ti dúró nínú kíláàsì rẹ̀, wọ́n ní kó ṣáà fọwọ́ sí i. Èèwọ̀ orí mi! Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún abiyamọ ní ọ̀sẹ̀ 12, mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́, owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí ìdajì. Bó bá wọlé padà, ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ni ti ọmú ọmọ. Òfin yẹn náà ló ní kí ẹnikẹ́ni má fún un níwèé ìdádúró nígbà tó bá wà nínú ìsinmi. Ẹ wá rí àrékérekè: wọn ò lé e o, òun ló "lọ". Ká ní iwájú òrìṣà Ayélála ni wọ́n ti ní kó fọwọ́ sí i, mo mọ ẹni tí ì bá kọ́kọ́ sá.

Ọkọ ńkọ́? Ẹ rọra sọ̀rọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, àwọn tí wọ́n ń fún bàbá ọmọ tuntun ní ọjọ́ iṣẹ́ 14. Ó gba tirẹ̀ pé pérépéré. Àwọn tó rí i nídìí ọmọ kò tó nǹkan. Àwọn tó rí i nídìí ìgò l'Ígbókọ̀dá, ẹ má bèèrè. Òun náà ló tún ń sọ fáyé pé ìyàwó òun kò fẹ́ràn iṣẹ́!

Ní Ayétòrò tó múlé tì wá, nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó ní 1947, iṣẹ́ àjọṣe ni, oúnjẹ àjọjẹ ni, kò sí owó oṣù tí ẹnikẹ́ni yóò fi dẹ́rù ba abiyamọ. Àmọ́ ìyẹn ti di ìtàn, òkun sì ń jẹ ilẹ̀ tiwọn bó ṣe ń jẹ tiwa.

Obìnrin náà ti ń ta edé báyìí. Wọ́n ní ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yẹn wà lára oníbàárà rẹ̀. Àwìn ló ń rà.