Ta Ló Rán Mi Dé Ìdí BIOS?

Kò sí nǹkan kan tó ṣe kọ̀ǹpútà mi. Ẹ jẹ́ kí n ti fi ìyẹn lélẹ̀ ná. Ó ń tàn, ó ń tẹ̀wé, ó ń gbé fíìmù jáde. Ẹnu ló kó bá mi. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ni mo jókòó sí tí mo ń là á yé àwọn àna mi pé ẹni tí kò bá tíì sọ BIOS kọ̀ǹpútà rẹ̀ di tuntun rí, ńṣe ló ń fi kọ̀ǹpútà ṣeré. Èmi náà kò ṣe é rí. Ìgbà tí wọ́n yìn mí tán, ó wá di dandan.

BIOS ni ètò tó máa ń kọ́kọ́ jí bí a bá ti tan ẹ̀rọ. Òun ló ń wo ibi tí kíbọ́ọ̀dù àti díìsìkì wà, kó tó lọ jí Windows. Inú ṣíìpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan tó kéré ju èékánná lọ ló ń gbé. Mẹ́gábáìtì 8 péré ni tèmi gbà. Bí ẹ bá fẹ́ kọ tuntun sí i, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ pa ti àtijọ́ rẹ́. Láàárín ìparẹ́ àti ìkọtuntun yẹn, kọ̀ǹpútà kò ní ọpọlọ kankan lágbárí. Ìdí nìyẹn tó fi kọ ọ́ gàdàgbà sójú rẹ̀ pé kí iná má lọ o.

Mo kà á sókè. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, UPS ńkọ́?" UPS tó yẹ kó gbé ẹ̀rọ dúró bí iná bá lọ wà lábẹ́ tábìlì, bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́, orí rẹ̀ la ń to bàtà sí. Mo ní iná tó ti wà láti àárọ̀, kí ló fẹ́ mú un lọ nísinsìnyí? Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ Èkó ń fẹnu sọ! Iṣẹ́ ò tíì dé ìdajì tí gbogbo àdúgbò fi ké "Áà!" Nígbà tí iná padà dé, fáànù ń yí, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀rọ dúdú kirikiri.

Ní 1999, kòkòrò kọ̀ǹpútà CIH tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ní Taiwan pa BIOS kọ̀ǹpútà káàkiri ayé lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹrin. Èmi ò dúró de kòkòrò. Mo yọ bátìrì róbótó tí wọ́n ń pè ní CR2032 lórí pátákó ẹ̀rọ, mo fi í sílẹ̀ di àárọ̀. Bátìrì yẹn kò mọ̀ ju aago àti ètò tí a yàn lọ. Kò lè jí BIOS tó ti kú.

Ó yẹ kí n gbé e lọ sí Computer Village, ọjà kọ̀ǹpútà tó wà ní Ìkẹjà. Àmọ́ ojú ń tì mí, mo bá lọ ra CH341A, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń kì bọ USB láti fi kọ̀wé sínú ṣíìpù, pẹ̀lú ẹ̀mú kan tó rí bí ohun tí a fi ń há aṣọ sórí okùn. Wáyà pupa ẹ̀mú náà gbọ́dọ̀ wà níbi ẹsẹ̀ kìíní ṣíìpù, níbi tí wọ́n fi àmì kan sí. Awò tí mo fi ń wo ọ̀nà jíjìn ló wà lójú mi. Àmì tí mo rí kì í ṣe àmì, ìdọ̀tí ni. Ẹ̀mú wọlé ní ìdàkejì, iná gba ibi tó yẹ kó ti jáde wọlé, mo sì fọwọ́ kan ṣíìpù láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ o: ó jó mi níka.

Nígbẹ̀yìn, mo dé Computer Village. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbà á lọ́wọ́ mi yí pátákó náà síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Dádì, ta ló ṣe é báyìí?"

Mo ní ọmọ àbúrò mi ni.

"Ẹ sọ fún un kó lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Ṣé ó da BIOS àtijọ́ kọ kó tó bẹ̀rẹ̀?"

Mo ní ọmọ náà kò da á kọ. Àwọn ọmọ ìwòyí!

Ó fi atẹ́gùn gbígbóná tú òkú ṣíìpù, ó fi òjé jó tuntun mọ́ ọn, ó kọ BIOS tó fà jáde nínú irú kọ̀ǹpútà kan náà sínú rẹ̀, ó tún kà á padà láti rí i pé wọ́n bára mu. Iṣẹ́ tí kò tó wákàtí kan.

Ó ti ń tàn. Àmọ́ inú ṣíìpù ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ ń gbé, nítorí náà bí mo bá bi kọ̀ǹpútà mi pé ta ni í ṣe, nọ́ńbà kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ló ń kà fún mi, Windows sì ń bi mí léèrè ìwé àṣẹ.

Ọmọ àbúrò mi ń bọ̀ wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wa. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó ka èyí.