Odindi Ọ̀rọ̀, Àbọ̀ Etí

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Nílẹ̀ Èkìtì, òwe yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ẹnu lásán. Bàbá àgbà á kàn ní, "Ọ̀nà jíjìn mà ni àlejò wa ti wá o." Kò dárúkọ iṣu, kò dárúkọ odó. Kó tó ṣẹ́jú, wọ́n á ti gbé ìkòkò kaná, odó á sì ti máa dún lẹ́yìnkùlé. Ọmọ tó bá ń dúró kí wọ́n ní kó bẹ iṣu, kó se é, kó gún un, wọ́n ti mọ irú ọmọ tó jẹ́.

Ọmọlúàbí ìwòyí ti kọ àbọ̀. Odindi ló ń fẹ́, nǹkan bí 3,500 odindi. Iye ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú àkójọ Barron's nìyẹn, èyí tí àwọn tó ń múra GRE ti ń gbé mọ́yà láti ọjọ́ pípẹ́. GRE ni ìdánwò tí àwọn ETS, ará Princeton ní New Jersey, ń ṣe fún ẹni tó fẹ́ lọ gba oyè kejì tàbí oyè ọ̀mọ̀wé ní Amẹ́ríkà. Dọ́là 220 lowó rẹ̀. Bí a bá ṣẹ́ dọ́là kan sí 1,500 náírà, 330,000 náírà nìyẹn. Àgùnbánirọ̀ tó ń gba 77,000 lóṣù ò ní jẹ, kò ní mu fún oṣù mẹ́rin gbáko, á sì tún yáwó lé e.

Ẹ wá wo àwọn tó ń múra ìdánwò yìí ní Adó. Lójú ọ̀nà Ìwòrókò tó lọ sí EKSU, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ọ̀dọ́kùnrin kan wà lẹ́yìn ọ̀kadà, káàdì pélébé lọ́wọ́. Á wo káàdì, á dijú, ètè rẹ̀ á máa jó wùyẹ̀wùyẹ̀. Ọlọ́kadà rò pé àdúrà ló ń gbà nítorí eré tóun ń sá, ló bá rọra dẹ iná. Ní búkà oníyán kan ní Ìjígbò, ọ̀kan nínú wọn wo ẹran inú abọ́ rẹ̀, ó ní: "Mummy, this meat is exiguous." Pé ẹran náà kéré ló fẹ́ sọ. Ìyá oníyán ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ̀gúsí ti tán, ọkọ mi," ló fi dá a lóhùn, "ẹ̀fọ́ ló kù." Ká ní ó ní "Màmá, èènì mi dà?", ì bá ti rí ẹran kan sí i.

A ò sì lè dá àwọn ọmọ lẹ́bi tán. Àwa la kọ́ wọn. Níbi ìnáwó, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá yé wa, a ó ní kò kàwé. Ẹni tí a kò gbọ́ ohun tó sọ, a ó pàtẹ́wọ́ fún un, a ó ní ọ̀jọ̀gbọ́n ni. Títí dòní la ṣì ń fi "timber and calibre", gírámà líle olóṣèlú nnì, K. O. Mbadiwe, ṣeré. Mélòó nínú wa ló lè sọ irú mínísítà tí bàbá náà jẹ́?

Èyí tó wá pani lẹ́rìn-ín jù ni pé ìdánwò náà fúnra rẹ̀ ti kúrò nídìí àkọ́sórí tipẹ́. Látijọ́, wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀, wọ́n á ní kí o mú òdìkejì rẹ̀. Ẹni tó bá há a sórí ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Oṣù kẹjọ ọdún 2011 ni ETS fòpin sí i. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, gbogbo ìdánwò náà ò tó wákàtí méjì mọ́. Ìbéèrè 27 ló wà ní apá èdè, kíka àyọkà lóye ló sì kó bí ìdajì rẹ̀. Nínú ìyókù, wọ́n á kọ gbólóhùn, wọ́n á fi àlàfo kan, méjì tàbí mẹ́ta sínú rẹ̀, wọ́n á ní kí o dí i. Bí àlàfo bá jẹ́ mẹ́ta tí o gba méjì, òdo ni.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ mà nìyẹn! Àwọn ará Princeton ò gbọ́ òwe wa rí, òwe wa ni wọ́n sì fi ń dán wa wò.

Ẹ jẹ́ ká gbé e sí Yorùbá: "Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu alága kì í sinmi, lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ bi í léèrè owó àpò, ńṣe ló ......" Ìyá oníyán tí kò parí ìwé mẹ́fà á ti dí àlàfo yẹn kí ẹ tó kà á tán. "Bó tilẹ̀ jẹ́ pé" ló kọ́kọ́ gbọ́, ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ fẹ́ yíjú. Ó gbọ́ "owó àpò", ó ti mọ ibi tó dorí kọ. Akẹ́kọ̀ọ́ wa á rí irú rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, á fò ó, á sáré lọ síbi ìdáhùn márùn-ún tó wà nísàlẹ̀, á wá èyí tó le jù, á tẹ̀ ẹ́. Ó mọ ìtumọ̀ márààrún. Ohun tí gbólóhùn ń sọ ni kò mọ̀.

Ti àròkọ tún burú jùyẹn lọ. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, ènìyàn àti ẹ̀rọ ló sì ń yẹ̀ ẹ́ wò, máàkì rẹ̀ kò kọjá 6. Akẹ́kọ̀ọ́ wa gbà pé bí gírámà bá ṣe le tó ni máàkì á ṣe pọ̀ tó. Ó kọ ìpínrọ̀ mẹ́rin, ìbọn ń dún lákọlákọ, èrò kan kò sí níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, kò yẹ ká bá irú èyí ní Èkìtì. Ọmọ Ìkọ̀lé ni J. F. Adé Àjàyí, onímọ̀ ìtàn tó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Èkó lọ́dún 1972. Gẹ̀ẹ́sì tó fi kọ̀wé mọ́ gaara. Níyì Ọ̀ṣúndáre ọmọ Ìkẹ́rẹ́, tó kọ́ni ní Yunifásítì New Orleans, kọ ìwé ewì kan, ó pè é ní The Eye of the Earth. Ìwé náà wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn ewì Commonwealth lọ́dún 1986. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú àkọlé yẹn tí ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ ò mọ̀.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́ ọ̀rọ̀ o. Ẹni tí kò lọ́rọ̀ nílẹ̀, kí ni yóò fi dí àlàfo? Ṣùgbọ́n inú ìwé gidi àti ìwé ìròyìn ni ká ti lọ bá a, ká rí ẹni tó ń bá rìn àti ẹni tí kì í bá jókòó. Ọ̀rọ̀ tí a bá pàdé nígbà mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ kì í tún ṣàjèjì síni mọ́.

Ìmọ̀ràn kan ló kù. Láti ìgbà Kòrónà lọ́dún 2020, ọ̀pọ̀ fásitì Amẹ́ríkà ni kò béèrè GRE mọ́. Kí ìwọ tí ò ń múra àtijáde tó kó 330,000 náírà kalẹ̀, lọ ka ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ tí ò ń wá kọ síta. Ó ṣeé ṣe kí o bá a níbẹ̀ pé wọn ò fẹ́ ẹ. Gbólóhùn kékeré ni, kò ní ọ̀rọ̀ líle kankan nínú, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ẹni tó ti há 3,500 sórí lè kà á kọjá láì rí i.