Màá-Tò-Ó-Fúnra-Mi

Láàárín àwọn onílé àti ayálégbé tí ọwọ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ba ẹnu ní Ìṣẹrì Olówóra, ní ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ̀yà ènìyàn kan wà tí ó yẹ kí a máa pè ní Màá-tò-ó-fúnra-mi. Páálí gbàǹgbà tí a kọ Italy sí lára ni a fi ń dá ilé rẹ̀ mọ̀, èyí tí ó fara ti ògiri pálọ̀, tí bẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀ kò tíì dìde láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé, nígbà tí ìyàwó àti ọmọ ń sùn lórí fóòmù nílẹ̀. Bí a bá béèrè ìdí rẹ̀, èsì kan náà ni yóò fọ̀: èdè Ìtálì ni òun ń kọ́ lọ́wọ́, kí òun lè béèrè bí wọ́n ṣe ń tò ó pọ̀.

Duolingo, tí a ṣí fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 2012, ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí i pé ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin tí ń jẹ ápù ni wọ́n ń kọ́ òun, ó yà sídìí fídíò. Láti ìgbà náà ni àwọn aládùúgbò kò ti sinmi lọ́wọ́ Come si monta?, èyíinì ni, “Báwo ni a ṣe ń tò ó?”, àti Dove va questa vite?, èyíinì ni, “Ibo ni skúrú yìí ń wọ̀?” Yóò kó orí ìka márààrún jọ sókè bí ará Ìtálì, yóò máa mi ọwọ́ náà síwá sẹ́yìn, yóò sì dojú ìbéèrè kọ páálí. Ta ni yóò dá a lóhùn? Bí ará Ìtálì kan tilẹ̀ wọlé wá dá a lóhùn, kò ní gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, nítorí ìbéèrè nìkan ni ó kọ́, kò kọ́ èsì. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé pélébé inú páálí náà, àwòrán, ọfà àti nọ́ńbà ni ó kún inú rẹ̀, tí ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ lè tẹ̀ lé.

Irin kékeré onígun mẹ́fà tí àwọn oníṣẹ́ wa ń pè ní L-key kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò ṣàlàyé fún àlejò pé brugola ni wọ́n ń pè é ní Ìtálì, nítorí Egidio Brugola tí ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Lissone, ìlú àwọn oníṣẹ́ àga nítòsí Milan, ní ọdún 1926. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò tíì fi irin náà de skúrú kan ṣoṣo.

Ó ní àwọn káfíńtà òde òní kò mọ nǹkan kan ju ìṣó lọ. Síbẹ̀, nígbà tí ìyàwó bá fárí gá, káfíńtà òpópónà kejì, tí kò gbọ́ Ìtálì rárá, ni yóò wo àwòrán náà, tí yóò sì to bẹ́ẹ̀dì kí ìrẹsì tó jinná. Bí ó bá wá di ọ̀rọ̀ owó, Màá-tò-ó-fúnra-mi yóò gé e sí ìdajì, ó ní òun ni òun túmọ̀ ìwé fún un. Èyí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́. Olè jíjà ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fọ́tò bẹ́ẹ̀dì náà yóò ti dé orí WhatsApp, a ó sì kọ Fatto da me sábẹ́ rẹ̀, èyíinì ni pé òun ni òun fọwọ́ ara òun ṣe é.