Páànù Òrùlé Kọ́ Ni Irin Mọ́tò

Ahun ló kó bá mi. Peugeot 504 tí wọ́n tò pọ̀ ní Kàdúná, tí bàbá mi wà láti Èjìgbò gba Kútọnù, Lomé àti Accra dé Abidjan, ló dógùn-ún sí àgbàlá wa ní Treichville. Atẹ́gùn ọ̀sà Ébrié kì í ṣàánú irin. Lọ́jọ́ kan, mo fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́tò, ẹsẹ̀ mi já bọ́ sórí yanrìn.

Panẹ́lì bítà kan ní Adjamé, àwọn tí wọ́n ń pè ní tôlier, dá owó lé e. Mo ní ó wọ́n jù. Ṣebí Ògún ló ni irin, ọmọ Yorùbá sì ni mí?

Mo fa àjẹkù páànù òrùlé yọ, mo fi òòlù tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Mo fi páálí wọn ihò náà, mo gé páànù, mo ká etí rẹ̀. Ìgbà tí mo gbé e síbẹ̀ ni mo rí i pé mo ti da ojú páálí dé nígbà tí mo ń fàlà: ti ọ̀tún ni mo gé fún òsì.

Mo gé òmíràn, mo yá ẹ̀rọ ìjórin. Síǹkì tó wà lára páànù di èéfín funfun, mo sì fà á símú dáadáa. Lálẹ́, òtútù ń mú mi, mo ń lo oògùn ibà.

Irin ara mọ́tò kò nípọn tó mìlímítà kan. Ńṣe là ń kán iná sí i níhìn-ín, ká sún sọ́hùn-ún, ká jẹ́ kó tutù. Èmi fà á lọ gbọọrọ bíi télọ̀ tó ń rán ṣòkòtò. Ibì kan ká kò, ibì kan lu. Ihò kan di mẹ́sàn-án.

Ojú tì mí, mo bá tún gé irin abẹ́ ilẹ̀kùn, torí òun náà ti jẹrà. N kò mọ̀ pé ara 504 ni egungun rẹ̀, pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ fi irin dábùú ẹnu ilẹ̀kùn. Mo jó tuntun mọ́ ọn tán, ilẹ̀kùn kọ̀, kò tì mọ́. Mọ́tò ti tẹ̀ láàárín.

Ọmọ aládùúgbò tó ń bá mi di iná mú wò ó títí. “Vieux père, ṣé ẹ fẹ́ tún un ṣe ni, àbí ẹ fẹ́ pa á?”

Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé e dé Adjamé. Panẹ́lì bítà yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó ní owó méjì ni n ó san: ọ̀kan fún ìpẹtà, ọ̀kan fún èmi.

Ti ìpẹtà ló kéré jù.