Bọ̀ọ̀dá Àtúnṣe

Ìka Bọ̀ọ̀dá Àtúnṣe a máa yá ju ọpọlọ rẹ̀ lọ. Ohun tí ẹlòmíràn yóò kà dé ìsàlẹ̀ kó tó lanu, òun á ti fèsì sí i láti ìlà kìíní. Ìgbà tó bá fèsì tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń ka ohun tí wọ́n kọ, ìgbà tó bá kà á tán ló máa ń ka ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tàbí mọ̀lẹ́bí tó ní gúrúùpù WhatsApp tí kò ní tirẹ̀. Tiwa nínú ẹgbẹ́ onílé, ẹni iyì ni: ó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, géètì rẹ̀ ń dán, kì í sì í pẹ́ dé ìpàdé.

Ojú ti rí nǹkan kí irú wọn tó rí ìtura. Láyé ijọ́sí, tí èèyàn bá ti tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọdún 2017 ni WhatsApp tó gbà pé kí a lè pa ọ̀rọ̀ rẹ́ lójú gbogbo èèyàn, ìṣẹ́jú 7 péré ni wọ́n sì fún wa. Wọ́n ń fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí ó fi lé ní ọjọ́ méjì lọ́dún 2022. Oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni àyè àtúnṣe gan-an wá dé: ìṣẹ́jú 15. Àwọn baba wa ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́ kì í ṣeé kó. Bọ̀ọ̀dá ní WhatsApp ò tíì dé nígbà tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ tiransfọ́mà àdúgbò. Ó jó, alága sì ní kí oníkálùkù sọ ohun tó lágbára láti dá. Àwọn kan ṣì ń rò ó, Bọ̀ọ̀dá ti kọ ọ́ síbẹ̀: "Ẹ fi mí sí ₦50,000." Háà! Àdúrà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. "Ọlọ́run á fi ọ̀pọ̀ rọ́pò o, sà." "Àpò yín ò ní gbẹ." "Ẹ ó kọ́lé kejì, ẹ ó kọ́ ẹ̀kẹta." Alhaji tí kì í dá sí nǹkan kan nínú gúrúùpù, ọwọ́ àdúrà mẹ́fà lòun náà fi ránṣẹ́. Bọ̀ọ̀dá ń kà á, ó ń ṣe àmín, ó sì ń fẹ̀gbẹ́ ojú wo aago. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ìṣẹ́jú 15 pé, òdo kan yọ́ kúrò níbẹ̀. ₦5,000 ló kù, pẹ̀lú "edited" kékeré kan ní igun, tí àgbàlagbà ò lè rí láìwọ awò ojú.

Àdúrà kò kúrò níbẹ̀ o. Àwọn tó wọlé lálẹ́ wá kà á ń ṣe kàyéfì irú àdúgbò wo ni wọ́n ti ń fi ilé mẹ́ta súre fún ẹni tó dá ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Nígbà tí Màmá akápò bi í léèrè, ó ní àṣìtẹ̀ ni, ìka òun ló yọ̀.

Àṣìtẹ̀ kẹ̀! "Ẹ kú oroire" tó kọ sí ìyàwó alága nígbà tó bímọ ṣì wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Bí àkọtọ́ bá ṣì, kò kan Bọ̀ọ̀dá. Iye owó àti ọ̀rọ̀ tó fi ṣèlérí nìkan ni ìka rẹ̀ máa ń yọ̀ lé lórí.

Ọjọ́ tí ọwọ́ bà á, aládùúgbò wa kan ló gbé àwòrán baba rẹ̀ jáde: agbádá funfun, fìlà abetí ajá, ẹ̀rín lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ gùn, ọdún 91 tí baba lò láyé ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá rí ẹ̀rín, ó rí 91, ó tó o. "Happy birthday, bàbá wa! Ẹ ó lo 91 míì!" Ó ń wá àwòrán àkàrà òyìnbó tí yóò fi tì í lẹ́yìn lọ́wọ́ ni fóònù rẹ̀ kú. Kò sì síná tó máa fi ṣájì rẹ̀, nítorí tiransfọ́mà tí à ń wí yìí, owó rẹ̀ ò tíì pé.

Kó tó rí ẹni tó tan jẹnẹrétọ̀ ní òpópónà kejì, wákàtí kan ti lọ. Ó tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, ó wá àyè àtúnṣe, kò sí. Ó bá pa á rẹ́ pátápátá. Ó pẹ́ jù. Ẹnì kan ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Bọ̀ọ̀dá, baba ti papò dà o." WhatsApp kì í sì í yọ ohun tí ẹlòmíì bá ti fà yọ sínú èsì rẹ̀.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, Bọ̀ọ̀dá dìde, ó ní ìṣẹ́jú 15 kéré, ìwà ìkà ni, ẹ jẹ́ ká kó lọ sí Telegram, wákàtí 48 ni wọ́n ń fúnni níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ti Facebook ò tiẹ̀ ní gbèdéke, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ lè tẹ ibẹ̀ kó rí gbogbo ohun tí èèyàn kọ tẹ́lẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Màmá akápò ò tilẹ̀ dìde. Ó ní: "Ẹ̀yin èèyàn mi, bí 50,000 bá di 5,000 láàárín ìṣẹ́jú 15, tí a bá fún wọn ní ọjọ́ méjì, àwa la máa jẹ wọ́n lówó." Àbá náà kú síbẹ̀.

Màmá yìí náà ti ṣì í tẹ̀ rí: òǹkà kan nínú 10 tó wà nínú nọ́ńbà àkáǹtì ẹgbẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó sanwó, ó ti tún un ṣe, ó sì tọrọ àforíjì. Irú èyí ni wọ́n torí ẹ̀ fi àyè àtúnṣe síbẹ̀. Ẹni tí ìṣẹ́jú 15 ò bá tó láti fi tún àṣìtẹ̀ ṣe, àdéhùn ló fẹ́ yẹ̀, àwa tí a ti dá a lóhùn ló sì fẹ́ sọ di òmùgọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú wọn nínú gúrúùpù yín, tí wọ́n bá ti dárúkọ owó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́jú 15 pé kí ẹ tó ṣàdúrà.