Ìyàwó Mi, 925 Kò Ju 916 Lọ

Lẹ́tà ṣíṣí sí ìyàwó àbúrò mi ní Sheffield

Ìyàwó mi àtàtà,

Má bínú pé ìta gbangba ni mo ti ń bá ọ sọ̀rọ̀. Gbogbo ohùn tí mo ń fi ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp láti ìgbà tí òtútù ti dé, àmì búlúù méjì ni mo ń rí, n ò rí èsì. Mo wá ní kí n kọ ọ́ síbi tí gbogbo ẹbí yóò ti rí i, bóyá ìtìjú á jẹ́ kí o dá mi lóhùn.

Ọ̀rọ̀ ṣéènì ni ká fi ṣáájú. Níbi ìkómọ tí a lọ kẹ́yìn, o fà mí sí kọ̀rọ̀, o ṣí báàgì, o mú ṣéènì kan jáde tó ń dán gbinrin. O ní góòlù Dubai ni, owó pọ́ọ́kú lo rà á, obìnrin kan ló ń tà á lórí fóònù. Mo ní kí ló fi dá ọ lójú. O yí ìdè rẹ̀ síta, o fi èékánná tọ́ka sí nọ́ńbà wínníwínní tó wà níbẹ̀: 925. O tún wo ṣéènì ọrùn tèmi, 916, o fi àánú mi orí, o ní, "Ọkọ mi, tèmi fi mẹ́sàn-án ju tiyín lọ."

N ò fèsì lọ́jọ́ náà, torí ojú ti ń pọ̀ lára wa, jọ̀lọ́ọ̀fù sì wà lẹ́nu mi. Èsì rẹ̀ rèé.

Ìyàwó mi, 925 kì í ṣe nọ́ńbà góòlù. Nọ́ńbà fàdákà ni. Ohun tó ń sọ ni pé bí a bá pín irin yẹn sí ọ̀nà 1,000, ọ̀nà 925 nínú rẹ̀ jẹ́ fàdákà, ìyókù sì sábà máa ń jẹ́ bàbà. Omi góòlù ni wọ́n fi kùn ún lójú. Fàdákà gidi ni, kò sí ohun tó ṣe é, wọ̀ ọ́ jáde. Kí o san owó góòlù lé e lórí ni mi ò fọwọ́ sí.

Ti góòlù nìyí: 375 ni wọ́n ń pè ní kárátì 9, 585 ni kárátì 14, 750 ni 18, 916 ni 22. Kárátì 9 tó kún fèrèsé ṣọ́ọ̀bù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, góòlù inú rẹ̀ kò tó ìdajì. Kì í ṣe ayédèrú o, kí o ṣáà mọ ohun tí o ń rà. Bí o bá rí GP tàbí GEP lára rẹ̀, omi góòlù náà ni. Mágínẹ́ẹ̀tì tí o sì ń mú kiri bíi dókítà, jọ̀ọ́, dá a padà sára fíríìjì. Òótọ́ ni pé kì í fa góòlù, àmọ́ kì í fa bàbà àti idẹ náà.

Nọ́ńbà nìkan kò sì tó, torí ẹni tó bá ní òòlù lè tẹ èyí tó wù ú sára irin. Ìdí nìyẹn tí òfin 1973 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi sọ pé góòlù tó bá ti wúwo ju gíráàmù 1 lọ, tí wọ́n ń tà ní orúkọ góòlù, gbọ́dọ̀ ní àmì ilé àyẹ̀wò lára. Nǹkan mẹ́ta ni kí o wá níbẹ̀: lẹ́tà orúkọ ẹni tó ṣe é tàbí tó gbé e wá, nọ́ńbà rẹ̀, àti àmì ilé tó yẹ̀ ẹ́ wò. Orí àmọ̀tẹ́kùn ni ti London, ilé olódi ni ti Edinburgh. Ti Birmingham wa níbí, ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi ni, ìlú tí kò gbúròó òkun! Ti Sheffield sì ni òdòdó róòsì. Òfin kan náà ló dá ilé àyẹ̀wò tiwa àti tiyín sílẹ̀ lọ́dún 1773, torí iṣẹ́ fàdákà tó pọ̀ ní ìlú méjèèjì. O ò rí i bí? Ìlú fàdákà gan-an lo ń gbé, o ò dá nọ́ńbà fàdákà mọ̀.

Ra awò kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù ń fi sójú, kò wọ́n. Ṣọ́ọ̀bù tó bá sì ń ta góòlù gbọ́dọ̀ gbé ìwé kan kọ́ tó ṣàlàyé àwọn àmì yìí. Bí o bá wọlé tí o kò rí i, béèrè. Bí ojú wọn bá yí padà, jáde.

Ó wá kan owó. Mo mọ̀ pé ọmọ ọlọ́jà ni ọ́, kò sí ẹni tó lè kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń ná ọjà. Ṣùgbọ́n góòlù kì í ṣe tòmátò, tí ìyá tó ń tà á fi lè dá iye tó wù ú lé e. Iye tí gbogbo ayé ń tà á wà lórí fóònù rẹ lójoojúmọ́, wò ó kí o tó jáde nílé. Ní kí wọ́n gbé ọjà sórí ìwọ̀n níwájú rẹ. Ká ní ṣéènì kárátì 9 ni, tó wúwo tó gíráàmù 10, gíráàmù 3.75 ni góòlù inú rẹ̀, òun ni kí o fi iye ọjọ́ yẹn ṣírò. Gbogbo ohun tó bá lé lórí ìyẹn, owó iṣẹ́, èrè àti owó orí ni. Ibi èyí tó lé yẹn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "ẹ fi jì mí." Bí ẹnì kan bá wá ń ta tirẹ̀ fún ọ ní iye tó kéré sí góòlù inú rẹ̀, bi ara rẹ léèrè: kí ni òun fẹ́ jẹ?

Bí owó pọ́ọ́kú lo bá ń wá lóòótọ́, lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gba góòlù ní ìdógò. Èyí tí olówó rẹ̀ kò bá wá gbà padà, wọ́n á gbé e sójú fèrèsé, àmì rẹ̀ á wà lára rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò gba owó tuntun lọ́wọ́ rẹ. Mo sọ èyí fún ọ nígbà kan, o káwọ́ lérí, o ní ta ló mọ ẹni tó ti wọ̀ ọ́, ṣé kì í ṣe òkú. Ìyàwó mi, góòlù kì í gbó. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì eyín tó rọ̀ ni mo fi ń fọ tèmi. Àdúrà ló kù, ìyẹn ni iṣẹ́ rẹ.

Èyí tó bá jẹ́ pé orí fóònù lo ti rà á lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù nílẹ̀ yìí, òfin fún ọ ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn tó bá dé ọwọ́ rẹ láti sọ pé o ò fẹ́ mọ́. Àmọ́ bí o bá ti ní kí wọ́n kọ orúkọ rẹ gàdàgbà sí i, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ, o ti fi àṣẹ sí i pé tìrẹ ni nìyẹn, àfi tó bá lábùkù.

Ṣé o ti mí kanlẹ̀? Ó dáa. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló kàn, òun ló sì ń já mi láyà ní tòótọ́.

Ìwọ tó ń bẹ̀rù góòlù àlòkù, táyà àlòkù lo lọ rà sẹ́sẹ̀ ọkọ̀! Góòlù tí kò ní ọjọ́ ogbó, o ní ó lè jẹ́ ti òkú. Rọ́bà tó ń gbó lójoojúmọ́, o gbé e sábẹ́ ọmọ mẹ́ta. Òfin gbà kí wọ́n máa tà á o, bó bá ṣe pé ojú rẹ̀ ṣì jìn tó mílímítà 2, tí wọ́n sì tẹ "PART-WORN" sí i lára gbangba. Ṣé o wò ó? Nọ́ńbà ni ìwọ fẹ́ràn, wá kà á lára táyà náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, o máa rí nọ́ńbà mẹ́rin níparí: 1419 ni pé ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Kí o sì ti owó 20p bọ inú ihò ojú táyà. Bí etí owó náà bá ṣì hàn síta, táyà rẹ lè má bá òfin mu mọ́. Mílímítà 1.6 ni òfin sọ, ṣùgbọ́n ní àsìkò òtútù, n kì í jẹ́ kí tèmi lọ sísàlẹ̀ 3. Owó ìtanràn lè tó £2,500 pẹ̀lú àmì mẹ́ta lórí láísẹ́ńsì, fún ẹyọ táyà kan ṣoṣo o. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń kọ́? Ṣírò rẹ̀ bí o ṣe ṣírò 925.

Mo mọ èsì rẹ: jíìpù ni mo ń wà. Agbára ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á bá ọ gun òkè Sheffield, mo gbà. Kì í bá èèyàn dúró. Ìgbà tí o bá tẹ bíréèkì, táyà nìkan ló kù láàárín ìwọ àti ilẹ̀. Bí òtútù bá ti lọ sísàlẹ̀ dígíríì 7, rọ́bà táyà lásán á bẹ̀rẹ̀ sí í le. Èyí tí wọ́n ṣe fún òtútù ní àwòrán òkè mẹ́ta àti yìnyín kan láàárín lára. Òfin kò fi í dandan níbí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé orí òkè bíi tìrẹ, kí ló ń dúró dè?

Ìṣe òwúrọ̀ rẹ tún nìyí, àbúrò mi ló tú àṣírí. O máa ń da omi kẹ́tù sórí gíláàsì iwájú ọkọ̀. Gíláàsì lè sán, omi náà á sì tún dì pa dà. Ó tún ní o máa ń há yìnyín kúrò níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, o wá ń yọjú bí ẹni ń wo yàrá onílé láti ihò kọ́kọ́rọ́. Òfin ní kí gbogbo gíláàsì mọ́, kí iná àti nọ́ńbà ọkọ̀ hàn. Ti orí ọkọ̀ náà, gbá a dànù, kó má baà ya lé ẹlòmíì lójú. Èyí tó burú jù ni pé o máa ń tan ọkọ̀ sílẹ̀ kó gbóná, o wá padà wọlé lọ mú yẹtí. Àwọn olè ti mọ àsìkò yẹn. Kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lára rẹ̀, iná ń bẹ nínú rẹ̀, ilé iṣẹ́ adójútòfò sì lè sọ pé àwọn ò san kọ́bọ̀.

Bọ́ òrùka sílé kí o tó lọ há yìnyín. Ìka máa ń súnkì nínú òtútù, ìbọ̀wọ́ á sì fà á yọ láìjẹ́ pé o mọ̀. Tòun ti àmì rẹ̀, tòun ti owó pọ́ọ́kú rẹ̀, ó di inú yìnyín. Gèlè, gbé e sí àga ẹ̀gbẹ́, o lè wé e tí o bá débẹ̀; bàtà gogoro bákan náà. Àwọn ọmọ, bọ́ kóòtù tó nípọn lára wọn kí o tó de bẹ́líìtì, kí o wá tẹ́ ẹ lé wọn lórí. Bẹ́líìtì tó fún mọ́ kóòtù kò fún mọ́ ọmọ.

Lójú títì, ohun gbogbo ní pẹ̀lẹ́. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ onígíà, fi gíà kejì gbéra. Fi àyè sílẹ̀ fún ẹni iwájú: lórí omi dídì, ibi tí ọkọ̀ yóò dúró sí lè fi ìlọ́po mẹ́wàá jìn ju ti ilẹ̀ gbígbẹ lọ. Máìlì 30 ní wákàtí kan, tí í máa ń gba mítà 23, lè wá gba 230. Orí afárá ló máa ń kọ́kọ́ dì, torí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ lókè àti nísàlẹ̀. Bí sítíárì bá ṣàdédé fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ, tí ariwo táyà sì dákẹ́, orí omi dídì tí ojú kò rí lo wà yẹn. Gbẹ́sẹ̀ kúrò jẹ́ẹ́. Má tẹ bíréèkì, má pariwo "Jésù" kí o sì fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

Mo gbọ́ pé o ti fọkàn sí àríyá Manchester lọ́jọ́ Sátidé, pé fóònù ní Snake Pass ló yá jù. Ọ̀nà A57 yẹn ga ju mítà 500 lọ lórí òkè, yìnyín ló sì máa ń tì í pa. Fi jíìpù sílé. Ọkọ̀ ojú irin ń lọ láti Sheffield tààrà, wàá jókòó, wàá rí àyè wé gèlè rẹ dáadáa. Èmi náà ń bọ̀ láti Birmingham, màá pàdé rẹ ní Piccadilly. Kí o sì mú iyùn mi tí o yá láti ọjọ́ ìgbéyàwó kan dání. Kò ní nọ́ńbà kankan lára, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n.

Èmi ni,
Ọkọ rẹ obìnrin, Birmingham.